Ewéko kò lójú, bakitéríà kò lójú: báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́?

Bí a bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn pé kí ni ewéko ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe, ìdáhùn kan ṣoṣo ló máa ń tẹnu wọn jáde: ó fi ń se oúnjẹ. Irọ́ kọ́. Àmọ́ ìdáhùn yẹn kò tó, àìtó rẹ̀ ló sì ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ni lójú nígbà tí a bá gbọ́ pé purotéènì kan ń mọ ìmọ́lẹ̀. Ọ̀nà méjì tí kò jọra rárá ni ewéko ń gbà lo ìmọ́lẹ̀. Àkọ́kọ́ ni oúnjẹ: chlorophyll, èròjà tó fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀, máa ń gba ìmọ́lẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, agbára rẹ̀ ni ewéko sì fi ń ṣe ṣúgà. Èkejì ni ìròyìn. Ìmọ́lẹ̀ ni ewéko fi ń mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti mọ́, bóyá òun ṣì wà nínú erùpẹ̀, bóyá igi mìíràn ti ṣíji bo òun, àti ìhà ibi tí oòrùn wà. Fún iṣẹ́ ìròyìn yìí, ìmọ́lẹ̀ tó kéré jọjọ ti tó, purotéènì tó ń ṣe é kò sì pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Bakitéríà náà ní irú wọn, títí kan àwọn bakitéríà tí kì í fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ kankan.

Àwọn purotéènì ìròyìn yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n pa ìrísí dà lọ. Ìmọ́lẹ̀ kò gbé ọ̀rọ̀ kankan wọ inú sẹ́ẹ̀lì, kò sì sí àwòrán tí ewéko ń wò. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ kan kiní kékeré kan lára, kiní náà yí, purotéènì tó dì í mú sì ní láti yí tẹ̀lé e. Gbogbo ìyókù, láti orí híhù irúgbìn dé orí títẹ̀ síhà oòrùn, ẹ̀yìn ìyípadà yẹn ló ti ń wá.

Purotéènì fúnra rẹ̀ kò rí nǹkan kan

Purotéènì jẹ́ okùn gígùn tí amino ásíìdì so pọ̀, tó wá ká ara rẹ̀ jọ títí tó fi ní ìrísí. Ìrísí yẹn ló ń sọ iṣẹ́ tó lè ṣe, nítorí ibi tó bá yọ síta àti ibi tó bá jìn wọlé ni àwọn mólékù mìíràn fi ń dì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí a bá kó ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn purotéènì sínú omi lásán, wọn kò ní àwọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí máa ń gba inú wọn kọjá lọ ni. Ohun tí kò bá sì gba ìmọ́lẹ̀ dúró, ìmọ́lẹ̀ kò lè ṣe é ní nǹkan kan.

Ìdí nìyẹn tí purotéènì tó fẹ́ mọ ìmọ́lẹ̀ tí a lè fojú rí fi gbọ́dọ̀ di èròjà aláwọ̀ kékeré kan mú sínú ara. Èyí tó wà nínú phytochrome, purotéènì tó ń mọ ìmọ́lẹ̀ pupa, jẹ́ ìbátan àwọ̀ inú òróòro. Ti ọ̀pọ̀ bakitéríà tilẹ̀ ni biliverdin gan-an, èròjà kan náà tó ń mú kí ibi tí ènìyàn ti fara gbá nǹkan ní àwọ̀ bí ewé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Àwọn purotéènì mìíràn di èròjà tó wá láti ara fítámì B2 mú, àwọn kan sì di èyí tó wá láti ara fítámì A mú. Ẹran ara ojú wa náà ń lo ti fítámì A yìí, nítorí náà ẹni tó bá rò pé ewéko àti bakitéríà ń ṣe ohun àjèjì kò tíì mọ bí ojú tirẹ̀ ṣe ń ríran.

Kí wá ni ìmọ́lẹ̀ ń ṣe fún èròjà aláwọ̀ náà? Àwọn átọ́mù kan fi ìdè kan so mọ́ ara wọn, àwọn kan sì fi ìdè méjì so. Níbi tí ìdè bá ti jẹ́ ẹyọ kan, wọ́n lè yí bó ṣe wù wọ́n. Níbi tó bá ti jẹ́ méjì, ó le gbọin, kò ṣeé yí. Ooru àyíká ń gbọn mólékù jìgìjìgì nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n kò sábà lágbára tó láti yí irú ìdè bẹ́ẹ̀. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ pupa kan ṣoṣo yàtọ̀: agbára tó wà nínú rẹ̀ ju ìlọ́po 70 agbára tí ooru àyíká ń fún mólékù kan lọ. Bí ẹyọ ìmọ́lẹ̀ bá wọ inú èròjà aláwọ̀, ọ̀kan nínú ìdè méjèèjì a dẹ̀ fún ìgbà tó kúrú ju ìṣẹ́jú-àáyá lọ fíìfíì. Kó tó padà le, apá kan mólékù náà lè ti yí kọjú sí òdìkejì. Nígbà tí ìdè bá wá le padà, ó ti há síbi tuntun.

Ẹ fojú inú wo ènìyàn mẹ́wàá tó sùn há gádígádí sórí ẹní kan. Bí ẹni tó wà láàárín bá yí ẹ̀gbẹ́ padà, ẹni tó wà ní ìkángun ní láti sún, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni tì í. Bí inú purotéènì ṣe há nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ kò fọwọ́ kan purotéènì rárá. Èròjà aláwọ̀ tó wà láàárín ló yí, àwọn tó yí i ká sì wá ibòmíràn gbé ara sí.

Irúgbìn letúùsì àti ìmọ́lẹ̀ ìgbẹ̀yìn

Inú phytochrome ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ hàn kedere, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé purotéènì bẹ́ẹ̀ wà. Ní 1952, Harry Borthwick tó jẹ́ onímọ̀ ewéko àti Sterling Hendricks tó jẹ́ onímọ̀ kẹ́míkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà ní Beltsville, ìpínlẹ̀ Maryland, ń yẹ irúgbìn letúùsì wò. Irúgbìn náà kì í fẹ́ hù nínú òkùnkùn. Wọ́n rẹ ẹ́, wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ pupa sí i fún ìgbà díẹ̀, wọ́n gbé e padà sínú òkùnkùn, ó hù. Wọ́n mú òmíràn, wọ́n tan pupa sí i, wọ́n wá tan pupa ìpẹ̀kun lé e, ìyẹn pupa tó wà ní etí ibi tí ojú ènìyàn lè rí dé. Èyí kò hù.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ wọn: pupa, pupa ìpẹ̀kun, pupa, pupa ìpẹ̀kun, lọ títí. Iye ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Ìmọ́lẹ̀ tó bá kẹ́yìn ni irúgbìn ń gbọ́ràn sí. Bí pupa bá kẹ́yìn, á hù. Bí pupa ìpẹ̀kun bá kẹ́yìn, á dákẹ́.

Ẹ dúró díẹ̀ ná, ẹ wo ohun tí èyí ń sọ. Bó bá ṣe pé ìmọ́lẹ̀ jẹ́ oúnjẹ fún irúgbìn náà ni, bó bá ṣe ń gbà á sí i ni yóò máa yó sí i, èyí tó ti jẹ kò sì ní ṣeé pọ̀ dà. Àmọ́ níhìn-ín, ìmọ́lẹ̀ kan ń pa iṣẹ́ èkejì rẹ́ pátápátá. Kò sí ohun tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ àfi kiní kan ṣoṣo tó ní ìrísí méjì, tí ìmọ́lẹ̀ pupa ń tì sí ọ̀tún, tí pupa ìpẹ̀kun ń dá padà sí òsì. Ó wú mi lórí pé orí irúgbìn inú àwo ni wọ́n ti rí èyí, láìtíì fojú kan mólékù kankan.

Ọdún 1959 ni wọ́n tó rí i fúnra rẹ̀. Hendricks, Warren Butler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mú ẹ̀hù àgbàdo tí wọ́n gbìn sínú òkùnkùn, nítorí ewéko tó hù nínú òkùnkùn kò ní chlorophyll tí yóò bo àwọ̀ kékeré tí wọ́n ń wá mọ́lẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ wọn bó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì rí i tí ó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìrísí méjì bí wọ́n ṣe sọ gẹ́lẹ́. Ìrísí àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní Pr, ń gba ìmọ́lẹ̀ jù níbi tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ bá gùn tó nǹkan bí 660 nànómítà (nànómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ́nù mítà), ìyẹn pupa. Èkejì, Pfr, ń gbà á jù ní nǹkan bí 730, ìyẹn pupa ìpẹ̀kun. Pfr yìí ló ń bá sẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀.

Kí ló dé tí ewéko fi nílò láti mọ ìyàtọ̀ pupa méjèèjì? Chlorophyll ni ìdí rẹ̀. Ewé máa ń gba pupa jẹ, kò sì fẹ́ràn pupa ìpẹ̀kun, ó máa ń jẹ́ kó kọjá lọ tàbí kó dà á padà. Ní gbangba oòrùn, méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Lábẹ́ igi tí ewé rẹ̀ dí, pupa ti tán lójú ọ̀nà, pupa ìpẹ̀kun ló kù. Ewéko tó wà nísàlẹ̀ kò ka iye ìmọ́lẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan, nítorí kùrukùru náà lè dín in kù. Ìwọ̀n tí pupa fi ju pupa ìpẹ̀kun lọ ló ń wò. Bí ìwọ̀n yẹn bá já wálẹ̀, ó túmọ̀ sí pé ewé ẹlòmíràn ló wà lókè, ewéko náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ga fìrì láti lé e bá.

Ibi tí yíyí náà ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a sún mọ́ dáadáa. Èròjà aláwọ̀ inú phytochrome ní òrùka mẹ́rin tó tò tẹ̀lé ara wọn. Wọ́n so ó mọ́ purotéènì ní ìkángun kan, òrùka kẹrin sì wà ní ìkángun kejì. Ìdè méjì kan wà láàárín òrùka kẹta àti ìkẹrin. Ìdè yẹn ni ìmọ́lẹ̀ ń dẹ̀, òrùka kẹrin yẹn náà ló ń yí kọ ẹ̀yìn síbi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀. Òun nìkan. Gbogbo ìlọkúlọ rẹ̀ kò tó nànómítà kan.

Báwo ni ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ṣe ń dé òpin purotéènì tó tóbi jù ú lọ lọ́nà púpọ̀? Láti ara bakitéríà ni ìdáhùn tó ṣe kedere ti wá. Deinococcus radiodurans, bakitéríà tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí pé ìtànṣán tó lè pa ènìyàn kì í pa á, ní phytochrome tirẹ̀. Ní 2005 ni àwọn onímọ̀ fi ẹ́kíséréè ya ibi tó di èròjà aláwọ̀ náà mú. Nígbà tó di 2014, àwọn mìíràn fi apá tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ wéra nínú òkùnkùn àti nínú ìmọ́lẹ̀.

Ohun tí wọ́n rí ni pé ahọ́n kan wà lára purotéènì náà, tó nà jáde láti apá kejì wá kan ibi tí èròjà aláwọ̀ wà. Nínú òkùnkùn, ahọ́n yìí jẹ́ okùn pẹlẹbẹ méjì tó dojú kọ ara wọn. Bí òrùka kẹrin bá yí, ohun tí ahọ́n náà dì mú tẹ́lẹ̀ a bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì wá lọ́ ara rẹ̀ bí sípíríǹgì. Okùn tó bá lọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń kúrú ju èyí tó nà tàntàn lọ, nítorí náà ó ń fa ohun tó so mọ́. Méjì-méjì ni phytochrome náà máa ń dúró, ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì. Nínú apá tí wọ́n yẹ̀ wò yìí, ìfàsẹ́yìn ahọ́n mú kí òkè àwọn méjèèjì ya kúrò lára wọn ní nànómítà mélòó kan. Ibi tí ìyípadà ti bẹ̀rẹ̀ kò tó nànómítà kan. Nígbà tí yóò fi dé òpin, ó ti di ìlọ́po rẹ̀.

Lára ọ̀pọ̀ bakitéríà, ẹ́ńsáìmù, ìyẹn purotéènì tó ń mú kí ìyípadà kẹ́míkà yá, ló wà ní òpin yẹn. Bí ìrísí bá ti yí padà, iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù náà yí padà, ó sì ń fi phosphate ránṣẹ́ sí purotéènì mìíràn tó lè tan jíìnì (ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe purotéènì) tàbí kó pa á. Ti ewéko gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí phytochrome B bá di Pfr, ó máa ń wọ inú núkílíọ́ọ̀sì lọ, níbi tí jíìnì wà, á sì dì mọ́ àwọn purotéènì tí wọ́n ń pè ní PIF. Àwọn PIF ló ń pàṣẹ pé kí igi ewéko máa gùn. Bí Pfr bá ti dì mọ́ wọn, sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn túútúú. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀hù inú òkùnkùn fi ń gùn gbọọrọ, tó funfun, tí ewé rẹ̀ kò tẹ́: PIF rẹ̀ ṣì wà láàyè, kò sí ẹni tó dá a lọ́wọ́ kọ́.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ àlàyé máa ń fò. Pfr lè padà di Pr láìsí ìmọ́lẹ̀ kankan, díẹ̀díẹ̀, nínú òkùnkùn. Bí ibẹ̀ bá ṣe móoru sí ni ìpadàsẹ́yìn yìí ń yá sí. Ní 2016, ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì fi hàn pé èyí kì í ṣe àṣìṣe inú purotéènì náà: ewéko ń fi phytochrome B kan náà mọ bí òru ṣe móoru tó. Purotéènì kan, iṣẹ́ méjì.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń yí

Ẹni tó bá gbọ́ ti phytochrome lè rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo nìyẹn. Rárá o. Ìmọ́lẹ̀ búlúù ní àwọn tirẹ̀. Nígbà tí ewéko bá tẹ̀ síhà ojú fèrèsé, phototropin ló ń ṣiṣẹ́. Charles Darwin àti ọmọ rẹ̀ Francis ti kọ̀wé ní 1880 pé ṣóńṣó orí ẹ̀hù koríko ló ń mọ ìhà tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, bí wọ́n bá dé e ní fìlà kò ní tẹ̀ mọ́. Ọdún 1997 ni wọ́n rí jíìnì purotéènì náà. Apá tó ń mọ ìmọ́lẹ̀ lára rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní LOV, èròjà aláwọ̀ rẹ̀ sì ti ara fítámì B2 wá.

Níhìn-ín, kò sí ohun tó yí. Ìmọ́lẹ̀ búlúù ń mú kí átọ́mù sọ́fọ̀ kan lára purotéènì so mọ́ èròjà aláwọ̀ náà, wọ́n di ara kan náà fún ìgbà díẹ̀. Ìdè tuntun yìí ń da àwọn tó wà nítòsí rú, títí ọ̀rọ̀ fi dé orí okùn lílọ́ kan tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn LOV. Nínú purotéènì ewéko óòtì, àwọn onímọ̀ rí i ní 2003 pé okùn lílọ́ yẹn máa ń tú kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́, ó sì ń sọ ẹ́ńsáìmù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ di òmìnira. Bí ìmọ́lẹ̀ bá lọ, ìdè náà á já fúnra rẹ̀. Ti óòtì yìí gba nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Ti Bacillus subtilis, bakitéríà inú erùpẹ̀ tó ń fi LOV tirẹ̀ mọ̀ pé ìnira ń bọ̀, lè lé ní wákàtí kan. LOV kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, ṣùgbọ́n ìrántí ọ̀kan pẹ́ ju ti èkejì lọ.

Bakitéríà inú omi oníyọ̀, Halorhodospira halophila, ní purotéènì àwọ̀ ìyeyè tó kéré jọjọ: amino ásíìdì 125 péré. Ìmọ́lẹ̀ búlúù ni bakitéríà yìí máa ń sá fún. Nítorí pé purotéènì náà kéré, tó sì ń parí àyípoyípo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, òun ni àwọn onímọ̀ fẹ́ràn láti ya fíìmù rẹ̀. Wọ́n lo ẹ̀rọ ẹ́kíséréè ńlá tó wà ní ibùdó ìwádìí SLAC, Kalifọ́níà, wọ́n sì gbé e jáde ní 2016: èròjà aláwọ̀ rẹ̀ yí ní nǹkan bí 550 femtosecond lẹ́yìn tí ìmọ́lẹ̀ kàn án. Bílíọ́nù kan lọ́nà mílíọ́nù kan femtosecond ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Purotéènì fúnra rẹ̀ kò yára tó bẹ́ẹ̀ rárá. Òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń palẹ̀ mọ́ ni.

Àwọn kan kì í yí, wọn kì í sì í so. Ńṣe ni wọ́n ń túká. UVR8 ni ewéko fi ń mọ ìtànṣán oòrùn tó ń jó ara, tí ojú wa kò lè rí. Kò di èròjà aláwọ̀ kankan mú, nítorí tryptophan, ọ̀kan lára amino ásíìdì purotéènì gan-an, ti lè gba irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Méjì UVR8 ló máa ń so pọ̀; bí ìtànṣán bá bà wọ́n, wọ́n á pínyà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á sì lọ dì mọ́ purotéènì mìíràn kí ewéko lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ààbò fún ara rẹ̀. Bakitéríà Thermus thermophilus ní ohun tó jọ ọ́, CarH, tó di fítámì B12 mú. Nínú òkùnkùn, mẹ́rin rẹ̀ máa ń so pọ̀ sórí DNA, wọn ò sì ní jẹ́ kí jíìnì kan ṣiṣẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dé, ìdè kan lára B12 á já, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á túká kúrò lórí DNA, bakitéríà náà á sì ṣe àwọ̀ tí yóò fi dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìmọ́lẹ̀ yẹn kan náà.

Bó bá wá ṣe pé ẹnì kan di òrùka kẹrin phytochrome mú tí kò jẹ́ kó yí ńkọ́? Àwọn onímọ̀ ti ṣe é. Wọ́n mú phytochrome bakitéríà Rhodopseudomonas palustris, wọ́n pààrọ̀ àwọn amino ásíìdì kan nínú rẹ̀ títí èròjà aláwọ̀ fi há síbẹ̀ tí kò rí àyè yí mọ́. Agbára ìmọ́lẹ̀ tó wọlé gbọ́dọ̀ gba ibì kan jáde, nítorí náà púpọ̀ sí i nínú rẹ̀ wá ń tàn jáde padà gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ tó pupa kọjá ibi tí ojú lè rí dáadáa. Irú ìmọ́lẹ̀ yìí lè la ẹran ara kọjá ju àwọn àwọ̀ mìíràn lọ. Láti 2011 ni wọ́n ti ń fi purotéènì tí wọ́n pààrọ̀ yìí sínú sẹ́ẹ̀lì eku láti fi kámẹ́rà wo ohun tó ń lọ nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ láìla á nínú.